Ẹni Tó Bi Aró Léèrè Ọ̀rọ̀

Gbèsè ni mo fẹ́ san lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe gbèsè owó, gbèsè ọ̀rọ̀ ni, ó sì ti wà lọ́rùn mi ju ogójì ọdún lọ.

Ní ìjẹta, mo lọ sí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta láti ra àdìrẹ fún ìyàwó mi. Bí mo ti dé ìsọ̀ kan, mo bá obìnrin méjì lẹ́nu àríyànjiyàn. Ẹni tó fẹ́ rajà ju aṣọ náà sílẹ̀ lórí àtẹ, ó ní, "Ẹ gba aṣọ yín o. Aró agolo ni ẹ fi rẹ ẹ́, ayédèrú ni. Aró gidi ni èmi ń wá, èyí tí àwọn ìyá wa fi ewé èlú ṣe." Ẹni tó ń tajà dáhùn pé aró ni aró ń jẹ́, kí ó tẹ́ méjèèjì síbi kan náà, kí ó wá tọ́ka sí èyí tí í ṣe ayédèrú nínú wọn. Oníbàárà kò gbọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Ìgbà tó gbójú sókè tó rí mi ló kúnlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò rántí mi mọ́?"

N kò rántí. Òun ló rán mi létí, bí ó sì ti ń sọ ọ́ ni ojú ń tì mí.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Ọmọ aláró ni òun; bí ó bá ń bọ̀ ní ilé-ìwé láàárọ̀, aró a máa wà ní èékánná rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sókè nínú kíláàsì, ó bi mí pé, "Tíṣà, kí ló dé tí aṣọ fi máa ń jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, tí ó sì máa ń di dúdú bí a bá ti sá a sí atẹ́gùn?" N kò mọ èsì rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kí ó jókòó, kí ó kọjú sí ìwé rẹ̀, pé a kò torí iṣẹ́ aró pé jọ síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. N kò tún rí ọwọ́ rẹ̀ lókè mọ́ títí ó fi jáde ní ilé-ìwé náà.

Ní Ìtòkú lọ́jọ́ yìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ kò tíì dá mi lóhùn o. Ọ̀rọ̀ náà sì ti di méjì báyìí. Kí ló ń sọ àwọ̀ ewé di dúdú? Àti pé, ṣé ayédèrú ni aró agolo?"

Mo ra aṣọ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ṣèlérí pé n óò dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé, èsì ìbéèrè méjèèjì wà nínú ìtàn ọkùnrin kan ṣoṣo, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Adolf Baeyer ni orúkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ni Bayer tí orúkọ rẹ̀ wà lára oògùn Aspirin. Friedrich Bayer ni ẹni yẹn, oníṣòwò ni, 1863 ni òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Lẹ́tà kan péré ló ya orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni Baeyer, ọ̀tọ̀ ni Bayer.

Ìlú Berlin ni wọ́n ti bí Baeyer tiwa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1835. Ọ̀gá ni bàbá rẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Prussia, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ó sì fi lókìkí. Láti kékeré ni ọmọ náà ti fẹ́ràn kí ó máa po èyí mọ́ ìyẹn láti wo ohun tí yóò dà. Ìgbà tó di ọmọ ọdún 13, owó thaler méjì ni ó ná ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kò fi ra àkàrà dídùn, kò fi ra ohun ìṣeré. Òkúta aró kan ni ó rà, irú èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń kó bọ̀ láti ilẹ̀ Íńdíà. Ó gbé e wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Bí mo ti ń ka ibẹ̀ yẹn ni mo rántí ọmọ aláró mi. Ọmọdé méjì ni, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ní lọ́kàn. Ti Berlin rí ẹni jẹ́ kí ó máa bèèrè. Tèmi ní kíláàsì, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó dàgbà, ó kọ́kọ́ kọ́ ìṣirò àti físíìsì ní yunifásítì Berlin. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Heidelberg lọ́dọ̀ Bunsen, ẹni tí gbogbo àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ayé ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Kò pẹ́ tó fi kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn tó jẹ́ ọ̀dọ́, Kekulé, tí yàrá iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kóńkóló lọ. Níbẹ̀ ni ikú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn èròjà tó ní májèlé aseníkì nínú ni ó ń yẹ̀ wò. Èéfín rẹ̀ gbá a nímú, ó ṣubú lulẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Kekulé tó bá a nílẹ̀ tó sì dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Kekulé di ọ̀gá rẹ̀ títí ayé. Ìgbà tí Kekulé lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ghent, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, Baeyer tẹ̀ lé e lọ.

Ní 1860 ó padà sí Berlin, ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n yàrá iṣẹ́ tí wọ́n fún un tóbi. Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí mo ń wí: ẹlòmíràn ì bá wá ibi tí owó gbé pọ̀. Ọdún 12 ni òun fi jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe àwárí barbituric acid ní 1864, èyí tí àwọn ẹlòmíràn wá mú oògùn oorun jáde lára ìdílé rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ náà ni ó ti ṣe fluorescein ní 1871, aró kan tí àwọn dókítà ojú ń lò títí di òní: wọ́n a kán an sójú aláìsàn, bí ẹyinjú bá ní ojú ọgbẹ́, á tàn yòò ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n aró ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1865 ni ó tún padà sídìí rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń bi aró léèrè ọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun gbogbo tí ó wà láyé, àwọn hóró kéékèèké tí ojú kò lè rí ni a fi kọ́ ọ, bí ẹni fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Átọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé kan, á kọ́kọ́ tú u palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì tún un kọ́ padà tí ilé náà rí bí ti àtẹ̀yìnwá, a jẹ́ pé ó ti mọ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Baeyer ṣe. Ó fi ooru àti ìyẹ̀fun síńkì tú aró wò títí ó fi kan ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1866. Indole ni orúkọ tí wọ́n fún ìpìlẹ̀ náà. Ó wá kù kí ó tún un kọ́ láti ìsàlẹ̀.

Níbi tí iṣẹ́ gbé ń dùn yìí ni ó ti fi í sílẹ̀. Kí ló fà á? Kekulé, ọ̀gá rẹ̀ tó gbà á lọ́wọ́ ikú, kéde pé òun náà ń ṣiṣẹ́ lórí isatin, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ohun tí Baeyer ń lò láti wá ìdí aró. Baeyer kò bá ọ̀gá rẹ̀ du ọ̀nà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tó hàn pé iṣẹ́ náà kò bọ́ sí i fún Kekulé ni ó tó padà sídìí rẹ̀. Ní àkókò ìdúró náà, ó ti lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Strasbourg ní 1872, ó sì ti bọ́ sí yunifásítì Munich ní 1875. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Munich sọ pé kò fẹ́ràn ẹ̀rọ ńláńlá. Ìgò tín-ín-rín àti ọ̀pá gíláàsì ni ó fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́. Bí ohun tuntun tó rẹwà bá jáde nínú ìgò, á ṣí fìlà rẹ̀, á fi kí i bí ẹni kí àgbàlagbà.

Ní 1878 ó ṣe é. Ó mú nǹkan tí kò ti ara ewé wá rárá, ó sọ ọ́ di aró. Ní 1880 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà kan. Ní 1882, òun àti Drewsen tún rí ọ̀nà mìíràn tó yá jù ú lọ. Nígbà tó fi máa di 1883, ó ti lè sọ pé kò sí átọ́ọ̀mù kan nínú aró tí ìdánwò kò tíì fi ààyè rẹ̀ hàn. Kábọ́ọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2, ọ́síjìn 2: ọgbọ̀n lápapọ̀. Ọdún 18 ni ó gbà á láti 1865. Àṣìṣe kan ni ó wà nínú àwòrán rẹ̀: hóró aró ní apá méjì tó so pọ̀ bí ìbejì, Baeyer sì ya apá méjèèjì bí ẹni pé wọ́n kọjú sí ìhà kan náà. Ní 1928 ni àwọn mìíràn fi ìtànṣán tí a fi ń yàwòrán egungun wò ó, tí wọ́n sì rí i pé ìhà òdìkejì ara wọn ni wọ́n kọjú sí. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Ẹni tó la ọ̀nà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ́kọ́ gún.

Ọmọ mi ọlọ́jà, ó ti tó kí n dáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́.

Nínú ewé, aró kò tíì jẹ́ aró. Ó jẹ́ ohun kan tí kò ní àwọ̀, tí ṣúgà so mọ́ lára. Bí a bá gún ewé náà, tí ó sì rà, ṣúgà a já kúrò. Èyí tó kù a sì fi ara kan atẹ́gùn, méjì méjì wọn a so pọ̀, aró a dé. Ṣùgbọ́n omi kò lè yọ́ aró. Bí o bá da ìyẹ̀fun aró sí omi lásán, tí o ti aṣọ bọ̀ ọ́, ojú aṣọ lásán ni yóò kùn, bí a bá ti fọ̀ ọ́ ni yóò ṣí. Ohun tí ìyá rẹ ń ṣe nínú ìkòkò nìyí: aró tó ń hó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń fi háídírójìn kún hóró aró. Bí háídírójìn ti wọ inú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a yí padà, á di àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ jọ ewé, omi eérú a sì lè yọ́ ọ. Nígbà yẹn ni ó lè wọ inú òwú. Bí ìyá rẹ bá fa aṣọ yọ, ọ́síjìn inú atẹ́gùn a gba háídírójìn náà kúrò, aró a padà sí bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n inú òwú ni ó ti wà báyìí, omi kò sì lè yọ́ ọ jáde mọ́. Ó dà bí eku tó gba ihò wọ inú agbọ̀n àgbàdo nígbà tí ebi ń pa á. Ìgbà tó yó tán, ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè gba ihò náà jáde. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń jáde ní àwọ̀ ewé, tí ó sì ń di dúdú níwájú rẹ.

Ìyá rẹ kò mọ orúkọ háídírójìn. Síbẹ̀ ó mọ ìgbà tí ìkòkò tó rẹ: ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń wo ìfóòfó ojú rẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Baeyer gba ọ̀nà ìgò, ìyá rẹ gba ọ̀nà ìkòkò, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì bá lójú ọjà.

Ìbéèrè kejì ló kù: ṣé ayédèrú ni aró agolo?

Ọ̀nà tí Baeyer là kò mú owó wọlé. Aró tó ti inú ìgò rẹ̀ jáde wọ́n ju ti ewé lọ, kò sì sí oníṣòwò tí yóò rà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n gba iṣẹ́ náà ṣe. BASF, tó wà ní Ludwigshafen, nìkan ná bíi mílíọ̀nù 18 máàkì lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn, Heumann, ní Zurich, ló rí ọ̀nà tó dára ní 1890, wọ́n sì wá fi náfítálínì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, èyí tí ẹ̀yin ìyá ọlọ́ṣọ ń pè ní káfúrà, tí ẹ ń fi sí àárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ara ọ̀dà èédú ni wọ́n ti ń rí i, kò sì wọ́n. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ìṣòro kan ló kù, tí èèṣì sì bá wọn yanjú rẹ̀: ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru fọ́ sínú ìkòkò iṣẹ́, mẹ́kúrì inú rẹ̀ dà sí i, iṣẹ́ tó ń fà tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yára. Ní 1897, aró ilé-iṣẹ́ dé ọjà ayé.

Hóró ọgbọ̀n átọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀, òun náà ló wà nínú èlú. Bí a bá yọ ìdọ̀tí ewé kúrò lára ti ewé, kò sí onímọ̀ tó lè wo hóró kan kí ó sọ pé oko ni èyí ti wá, ilé-iṣẹ́ ni tọ̀hún. Nítorí náà, ọmọ mi, oníbàárà rẹ ṣìṣe: bí aró inú agolo rẹ bá jẹ́ aró ní tòótọ́, kì í ṣe ayédèrú. Sódà àti èròjà funfun tí ẹ ń rà mọ́ ọn, iṣẹ́ eérú àti ti kòkòrò inú ìkòkò ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ, oníbàárà rẹ náà ní ẹ̀tọ́ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo agolo tó wà lọ́jà ló jẹ́ aró. Àwọ̀ mìíràn pọ̀ tí wọ́n ń rẹ lé àdìrẹ lóde òní. Ìkòkò èlú sì ní àwọn nǹkan ewé mìíràn nínú, ìdí nìyẹn tí aró ìkòkò kan kì í fi í bá ti èkejì dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó ń wá èyí, tó sì fẹ́ san owó làálàá rẹ̀, kò jẹ̀bi. Ohun tó yẹ ọlọ́jà ni kí ó sọ èyí tí òun lò, kí ó má fi ọ̀kan ta orúkọ èkejì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà kò sì dùn dé òpin. Ní 1897, bíi tọ́ọ̀nù 19,000 aró ni ayé ń rí láti ara ewé, oko rẹ̀ tó pọ̀ jù sì wà ní Íńdíà. Nígbà tó fi di 1914, ti ewé ti já sí bíi tọ́ọ̀nù 1,000. Ta ni ìyà rẹ̀ jẹ? Ní àgbègbè Champaran, àwọn òyìnbó tó ni oko ti fi ipá mú àwọn àgbẹ̀ láti máa gbin ewé aró sórí ìdá mẹ́ta nínú ogún ilẹ̀ wọn. Ìgbà tí aró Jámánì ba ọjà jẹ́, àwọn òyìnbó oko yìí kò gba àdánù náà mọ́ra. Wọ́n ní àgbẹ̀ tí kò bá fẹ́ gbin aró mọ́ yóò san owó, wọ́n sì fi owó kún owó ilẹ̀. Ohun tó mú Gandhi lọ sí Champaran ní oṣù kẹrin ọdún 1917 nìyẹn, òfin ọdún 1918 ló sì tú àjàgà náà. Ẹ wò ó bí ayé ti rí: ọdún 1917 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, ni Baeyer kú ní Starnberg, lẹ́bàá Munich, ní ọmọ ọdún 81. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ìyà. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde nínú ìgò rẹ̀ rìn dé inú abà ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ó rìn dé ọ̀dọ̀ wa náà. Aró òyìnbó àti sódà wọ Abẹ́òkúta, iṣẹ́ tí èlú ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe wá di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré wọ iṣẹ́ náà láìmọ ìwọ̀n sódà, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé aṣọ ń ṣí, ó sì ń ya. Láàrin ọdún 1930 sí 1939, Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de aró òyìnbó àti sódà. Àwọn aláró kò gbà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lé e lórí ní 1936. Àríyànjiyàn tí mo bá ní ìsọ̀ rẹ, ọmọ mi, àwọn ìyá ìyá rẹ ti ṣe é rí.

Mo ti ronú lórí ìtàn yìí. Baeyer rí ọlá gbà. Ní 1885, nígbà tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ọba Bavaria fi í joyè, ni wọ́n fi ń pè é ní von Baeyer. Ní 1905 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí aró àti àwọn ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí jù ni pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Emil Fischer, ti gba ẹ̀bùn kan náà ní 1902, ọdún mẹ́ta ṣáájú ọ̀gá. Eduard Buchner, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbà á ní 1907. Richard Willstätter, tó rọ́pò rẹ̀ ní Munich, gbà á ní 1915. Ọmọ tí a kò pa lẹ́nu mọ́ ni irú èyí ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Nílẹ̀ tiwa, ọwọ́ àwọn ìyá wa ni aró wà láti ayébáyé. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwa tí a kàwé ni kò bi wọ́n léèrè, ìgbà tí ọmọ wọn sì bèèrè, a ní kí ó jókòó. Ohun tí ẹni tó ni ín kò bá bèèrè ìdí rẹ̀, ẹlòmíràn á bèèrè rẹ̀, á sì dì í sí agolo, á wá tà á fún onítọ̀hún. Ọ̀rọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo fi ń bá wí.

Ẹ̀yin tíṣà, bí ọmọ kan bá na ọwọ́ sókè lọ́la, tó bi yín ní ohun tó rí ní ìdí iṣẹ́ ìyá rẹ̀, tí ẹ kò sì mọ ọ́n, ẹ sọ fún un pé, "N kò mọ̀ ọ́n, jẹ́ kí a jọ wá a." Kò ní bu iyì yín kù. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ ohun tó wà nínú ìkòkò yín, kí ẹ sì fi ọ̀nà méjèèjì han àwọn ọmọ yín, ti èlú àti ti agolo, kí èyí tó jẹ́ tiwa má baà parẹ́.

Ọmọ mi ní Ìtòkú, èsì rẹ rè é. Ó pẹ́ kí ó tó dé, dákun, má bínú. Bí ìbéèrè mìíràn bá tún wà, na ọwọ́ sókè.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.